Ẹni Tí Ó Da Omi Síwájú: Ìtàn Ìgbanisíṣẹ́ Nídìí Kọ̀ǹpútà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òwe yìí a máa ṣẹ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ìtàn iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá a mu rárá. Nídìí iṣẹ́ yẹn, àwọn kan da omi síwájú, àwọn mìíràn ni ó sì tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn obìnrin pọ̀ lọ jàra nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀rọ náà níṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọdún 1990 sókè, bí a bá ti dárúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ méjèèjì, ọkùnrin ni àwọn ènìyàn ń fojú inú rí.

Báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà bẹ́ẹ̀? Àwọn kan a máa sọ pé bí a ṣe dá obìnrin ni, pé ọpọlọ wọn kò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn a ní àwọn obìnrin fúnra wọn ni kò fẹ́ ẹ. Ìtàn kò gbe ọ̀kankan nínú èrò méjèèjì lẹ́sẹ̀. Ohun tí ó fi hàn ni pé iye tí àwọn agbanisíṣẹ́ bá dá lé iṣẹ́ náà ni ó ń sọ ẹni tí wọn yóò pè wá ṣe é. Nígbà tí wọ́n kà á sí iṣẹ́ yẹpẹrẹ, obìnrin ni wọ́n pè. Nígbà tí wọ́n rí i pé agbára àti owó wà nínú rẹ̀, wọ́n tún ilẹ̀kùn rẹ̀ gbẹ́, wọ́n sì fi ara ọkùnrin wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ náà gan-an ni ó jìyà ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ní gbogbo àkókò náà ni àwọn agbanisíṣẹ́ wọ̀nyí ń ké pé òṣìṣẹ́ kò tó.

Nígbà tí orúkọ náà jẹ́ ti ènìyàn

Kí kọ̀ǹpútà tó di orúkọ ẹ̀rọ, orúkọ ènìyàn ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: ẹni tí a gbà kí ó máa ṣe ìṣirò láti àárọ̀ di alẹ́. Ní ilẹ̀ Faransé, láàárín ọdún 1757 sí 1758, obìnrin kan tí ń jẹ́ Nicole-Reine Lepaute jókòó pẹ̀lú Jérôme Lalande àti Alexis Clairaut fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n ń ṣírò ìgbà tí ìràwọ̀ onírù tí a fi orúkọ Halley pè yóò padà wá. Oṣù kẹta ọdún 1759 ni ìràwọ̀ náà sún mọ́ oòrùn jù lọ. Ọjọ́ tí wọ́n dá kò sì fi ju nǹkan bí oṣù kan lọ yàtọ̀. Lẹ́yìn ọdún 1880, ní ibùdó ìwòràwọ̀ ti Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, Edward Pickering kó ọ̀pọ̀ obìnrin jọ sídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó tí a ń san fún obìnrin kéré sí ti ọkùnrin, nítorí náà owó kan náà gba òṣìṣẹ́ púpọ̀ sí i. Láti ibẹ̀ ni èrò kan ti ń rinlẹ̀ pé sùúrù ni iṣẹ́ ìṣirò ń fẹ́, pé kò fẹ́ làákàyè, àti pé iṣẹ́ tí ń fẹ́ sùúrù, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, iṣẹ́ obìnrin ni.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó sọ èrò yìí di ìlànà. Ní ìlú Philadelphia, àwọn ológun Amẹ́ríkà gba àwọn obìnrin tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò kí wọ́n máa ṣe ìwé atọ́nà fún àwọn tí ń yin ìbọn ńlá. Láti mọ ọ̀nà tí ọta ìbọn kan ṣoṣo yóò gbà lójú òfuurufú, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú yóò lo nǹkan bí 30 wákàtí, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nídìí ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì. Ìwé-ẹ̀rí yunifásítì wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ipò tí ìjọba fi wọ́n sí ni ti òṣìṣẹ́ tí kò tí ì tó akọ́ṣẹ́mọṣẹ́.

Ní Yunifásítì Pennsylvania, ní ìlú kan náà, John Mauchly àti Presper Eckert ń ṣe ẹ̀rọ kan tí a pè ní ENIAC. Ẹ̀rọ náà wúwo tó 30 tọ́ọ̀nù, àwọn túùbù onígíláàsì tí ó wà nínú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 18,000. Ní ọdún 1945, a yan mẹ́fà nínú àwọn obìnrin oníṣirò náà pé kí wọ́n wá kọ́ ọ níṣẹ́: Kathleen McNulty, Jean Jennings, Betty Snyder, Marlyn Wescoff, Frances Bilas àti Ruth Lichterman. Kò sí ìwé ìtọ́ni kankan tí wọn ìbá kà. Àwòrán bí a ṣe to inú ẹ̀rọ náà ni a kó lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ń wò ó, wọ́n ń bi àwọn ẹnjiníà léèrè, títí ó fi yé wọn. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ohun tí a wá ń pè ní pírógíráàmù lórí ẹ̀rọ yẹn, èyíinì ni títo iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ kí ẹ̀rọ lè tẹ̀lé e. Wáyà ni wọ́n fi so ó pọ̀, swíìṣì ni wọ́n sì fi ń darí rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1946, a fi ẹ̀rọ náà han gbogbo ayé. Ó ṣírò ọ̀nà ọta ìbọn tán kí ọta náà tó lè balẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn yin ẹ̀rọ, wọ́n yin àwọn ọkùnrin tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n wọn kò dárúkọ àwọn obìnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. A se àsè ní alẹ́ ọjọ́ náà, a kò sì pè wọ́n síbẹ̀. Ní nǹkan bí 40 ọdún lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Kathy Kleiman rí àwọn obìnrin nínú fọ́tò ẹ̀rọ náà, ó sì béèrè ẹni tí wọ́n jẹ́. Èsì tí ó rí gbà ni pé arẹwà tí a mú wá dúró ti ẹ̀rọ kí fọ́tò lè dùn ún wò ni wọ́n.

Ìtàn àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tún fi ẹ̀gbẹ́ mìíràn hàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1941, Ààrẹ Roosevelt pàṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ohun ìjà má ṣe fi àwọ̀ ara lé ènìyàn sẹ́yìn mọ́. Láti ọdún 1943 ni ibùdó ìwádìí ọkọ̀ òfuurufú ní Langley, ìpínlẹ̀ Virginia, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú sí iṣẹ́ ìṣirò. Ṣùgbọ́n yàrá tiwọn wà lọ́tọ̀, àyè ìjẹun tiwọn sì wà lọ́tọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Dorothy Vaughan, olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ìwé gíga. Ní ọdún 1949 ó di ọ̀gá ẹ̀ka náà. Nígbà tí ó rí i pé ẹ̀rọ ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kò dúró dè é. Ó fi ara rẹ̀ kọ́ FORTRAN, èdè tí a fi ń kọ pírógíráàmù, ó sì kọ́ àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Katherine Johnson, tí òun náà ti ṣe olùkọ́ rí, ni John Glenn ní kí ó fi ọwọ́ yẹ ìṣirò ẹ̀rọ wò ní ọdún 1962, kí ó tó gbà láti gun ọkọ̀ tí yóò gbé e yí ayé ká. Ẹ̀rọ ti sọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin oníṣirò náà ni ọkàn awakọ̀ náà balẹ̀ sí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú òkùnkùn ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní Bletchley Park, níbi tí a ti ń tú àṣírí ọ̀rọ̀ àwọn ará Jámánì nígbà ogun, obìnrin ni nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn òṣìṣẹ́. Láti ọdún 1944, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ó wọṣẹ́ ológun ojú omi ni wọ́n ń darí Colossus, ẹ̀rọ ìṣirò oníná tí Tommy Flowers ṣe. Mẹ́wàá ni ẹ̀rọ náà nígbà tí ogun parí. A mú gbogbo wọn búra pé wọn kò ní sọ ohun tí wọ́n ṣe fún ẹnikẹ́ni, wọ́n sì pa á mọ́ títí di àkókò tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí náà lẹ́yìn ọdún 1970. Nítorí náà, nígbà tí ogun parí, tí wọ́n ń wá iṣẹ́, ìmọ̀ tí kò sí irú rẹ̀ wà lórí wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹnu tí wọn yóò fi sọ ọ́.

Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ ẹ̀rọ ìṣirò pọ̀ ní àwọn ọ́fíìsì ìjọba. Ìjọba dá ipò kan sílẹ̀ fún àwọn tí yóò máa ṣe é, obìnrin ni wọ́n kó sí i, owó rẹ̀ kéré, kò sì ní ìgbéga kan tí ó lápẹẹrẹ. Ní ọdún 1946 ni a fagi lé òfin tí ó ní kí obìnrin fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ bí ó bá ti lọ sílé ọkọ, ṣùgbọ́n ìrètí pé yóò lọ kò kúrò lọ́kàn àwọn ọ̀gá. Láàárín ọdún 1955 sí 1961, ìjọba ń sọ owó obìnrin di ọgbọọgba pẹ̀lú ti ọkùnrin díẹ̀díẹ̀. Àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ kò jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n ní kò sí ọkùnrin ní ipò wọn tí a lè fi owó rẹ̀ wọn tiwọn.

Òpìtàn Mar Hicks, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2017, sọ ìtàn obìnrin kan tí ó ń kọ pírógíráàmù fún ìjọba ní ọdún 1959. Wọ́n mú ọkùnrin méjì tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ pé kí ó kọ́ wọn. Ó kọ́ wọn fún ọdún kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ọdún pé, wọ́n fi àwọn ọkùnrin náà jọ̀gá, wọ́n sì sọ olùkọ́ wọn di igbákejì lábẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí ẹnì kan. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó ti hàn sí ìjọba pé ẹni tí kọ̀ǹpútà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìṣàkóso yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá ń wá ọ̀dọ́kùnrin tí yóò di ọ̀gá lọ́la. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n rí kò fẹ́ iṣẹ́ náà. Àwọn tí ó kọ́ ọ tán a sì gba ibi tí owó pọ̀ sí lọ.

Gẹ́gẹ́ bí Hicks ti ṣàlàyé rẹ̀, ìjọba wá ń fẹ́ ẹ̀rọ ńlá tí ọkùnrin díẹ̀ lè darí láti ojú kan, nítorí pé irú òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń wá kò tó. Èyí wà lára ìdí tí wọ́n fi kó àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe kọ̀ǹpútà pọ̀ ní ọdún 1968 láti di ICL. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ tuntun náà ti ń mura sí ẹ̀rọ ńlá, ojú ọjà ti ń yí sí ẹ̀rọ kéékèèké. Bí ilẹ̀ tí ó ṣíwájú nígbà ogun ṣe di ẹni ẹ̀yìn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ọ̀hún wà ní ilé wọn, wọ́n ń tọ́mọ.

Ẹnì kan rí àwọn tí ó wà nílé wọ̀nyí. Stephanie Shirley jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí a gbé e sá kúrò lọ́wọ́ Hitler wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1939. Ní ọdún 1962, ó fi pọ́n-ùn mẹ́fà dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn obìnrin tí ó ti mọ iṣẹ́ pírógíráàmù, tí ìgbéyàwó tàbí ọmọ ti mú jókòó sílé, ni ó gbà. Láti inú ilé wọn ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́ náà pẹ̀lú tẹlifóònù. Nínú 300 òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní, 297 jẹ́ obìnrin. Àwọn ni wọ́n kọ pírógíráàmù fún àpótí tí ń ṣe àkọsílẹ̀ ìrìn ọkọ̀ òfuurufú Concorde. Síbẹ̀, nígbà tí ó ń kọ lẹ́tà sí àwọn oníbàárà ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn kì í fèsì, àfi ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ọkùnrin, Steve, parí lẹ́tà rẹ̀.

Ìdánwò, orúkọ tuntun, àti ẹ̀rọ inú ilé

Ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀kùn náà kò tètè tì. Grace Hopper, ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò tí ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi ní ọdún 1943, ti ṣe ohun èlò tí ń ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ láti tú àṣẹ sí èdè ti ara rẹ̀ ní ọdún 1952, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ìpìlẹ̀ COBOL, èdè kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ òwò. Ní ọdún 1967, ìwé ìròyìn obìnrin tí ń jẹ́ Cosmopolitan ṣì ń pe àwọn ọ̀dọ́bìnrin wá sídìí iṣẹ́ yìí. Hopper fi pírógíráàmù wé ètò oúnjẹ alẹ́ fún àlejò, nítorí pé méjèèjì ni ó ń fẹ́ kí ènìyàn ro ohun gbogbo sílẹ̀ kí àsìkò tó tó.

Ṣùgbọ́n ìyípadà ti ń bọ̀ láti ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ìdánwò. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì, wọn kò sì mọ ohun tí wọn yóò fi mọ ẹni tí yóò mọ iṣẹ́ náà ṣe. Ní ọdún 1966, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ènìyàn méjì, William Cannon àti Dallis Perry, yẹ 1,378 òṣìṣẹ́ pírógíráàmù wò. Nínú wọn, 186 péré ni obìnrin. Wọ́n ní àwọn ènìyàn wọ̀nyí fẹ́ràn àlọ́ àti ohun tí ń dáni láàmú, wọn kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa bá ènìyàn ṣe. Àwọn agbanisíṣẹ́ wá ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òpìtàn Nathan Ensmenger fi hàn pé bí wọ́n ti ń fi irú òṣùwọ̀n yìí yan ènìyàn ni àwòrán ọkùnrin adákẹ́ tí kì í bá ẹgbẹ́ ṣe di ohun tí gbogbo ayé gbà pé òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ jẹ́. Ohun tí a fi ọwọ́ ara ẹni yàn ni a tún wá ń tọ́ka sí bí ẹni pé bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Èkejì ni orúkọ tuntun. Ní ọdún 1968, ní ìlú Garmisch ní Jámánì, ìpàdé àwọn onímọ̀ gbé e kalẹ̀ pé kí a máa ka ṣíṣe pírógíráàmù sí iṣẹ́ ẹnjiníà. Ó bu iyì fún iṣẹ́ náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ni ibi tí obìnrin kò pọ̀ sí ní àkókò yẹn.

Ẹ̀kẹta ni kọ̀ǹpútà kékeré tí ó wọ inú ilé lẹ́yìn ọdún 1977. Yàrá ọmọkùnrin ni a gbé e sí jù, ọmọkùnrin ni a sì máa ń fi polówó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi dé yunifásítì, àwọn ọmọkùnrin ti mọ ọ́n lò, olùkọ́ a sì ka ìmọ̀ yìí sí ẹ̀bùn àbínibí. Nínú àwọn tí ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1984 sí 1985, ìdá 37 nínú 100 jẹ́ obìnrin. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2011, ó ti já sí nǹkan bí ìdá 18. Láàárín ọdún kan náà, àwọn obìnrin ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn àti ti òfin. Bí ó bá jẹ́ ọpọlọ ni kò tó, ibo ni ti dókítà àti lọ́yà ti wá?

Ilẹ̀kùn ṣeé tún gbẹ́

Yunifásítì Carnegie Mellon ní ìlú Pittsburgh dáhùn ìbéèrè náà pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́. Ní ọdún 1995, ìdá 7 péré nínú 100 ni obìnrin láàárín àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Jane Margolis àti Allan Fisher jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n gbọ́ tẹnu wọn. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ ṣáájú ni a ń pè ní olóye, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè bá a kó tó parí ẹ̀kọ́. Yunifásítì náà ṣíwọ́ fífi ìmọ̀ pírógíráàmù àtẹ̀yìnwá ṣe òṣùwọ̀n ìgbàwọlé. Wọ́n ṣí oríṣiríṣi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ ní ọdún kìn-ín-ní, kí olùbẹ̀rẹ̀ má baà jókòó ti ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí rẹ̀. Wọ́n sì ń kó àwọn olùkọ́ ilé-ìwé gíga jọ lákòókò ìsinmi, wọ́n ń kọ́ wọn bí a ṣe ń fa ọmọbìnrin mọ́ra ní kíláàsì. Nígbà tí ó di ọdún 2000, ìdá 42 nínú 100 ni obìnrin. Ọdún márùn-ún péré ni! Ohun tí ó ṣeé yí láàárín ọdún márùn-ún, àbínibí kọ́. Ní ilẹ̀ Malaysia pàápàá, níbi tí wọ́n ka iṣẹ́ náà sí iṣẹ́ ọ́fíìsì tí ó tu ènìyàn lára, obìnrin kò ṣọ̀wọ́n ní kíláàsì kọ̀ǹpútà láti ìgbà yìí wá.

Ẹ̀kọ́ ìkẹyìn ti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ wá. Ní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ ìròyìn Reuters sọ ọ́ di mímọ̀ pé ilé-iṣẹ́ Amazon ti gbìyànjú láti ṣe kọ̀ǹpútà tí yóò máa yan òṣìṣẹ́ fún un láti inú ìwé tí àwọn tí ń wá iṣẹ́ kọ. Wọ́n kó ìwé ọdún mẹ́wàá fún un kọ́. Nítorí pé ọkùnrin ni ó pọ̀ nínú àwọn ìwé náà, ẹ̀rọ kọ́ ọ pé ọkùnrin ni kí òun máa yàn. Bí ó bá rí ọ̀rọ̀ "ti obìnrin" nínú ìwé ẹnì kan, a dín máàkì rẹ̀ kù. Wọ́n pa á tì nígbẹ̀yìn. Ẹ̀rọ kò mọ ìtàn àwọn obìnrin mẹ́fà ìlú Philadelphia. Ohun tí a kó fún un ni ó kọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ yẹn ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ènìyàn. Bí kọ̀ǹpútà méjì bá wà ní kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ 40 wà, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ sáré dé ìdí rẹ̀ ni yóò gbà á, ẹni tí ó gbà á lónìí ni a ó sì pè ní ọlọ́pọlọ pípé lọ́la. Olùkọ́ tí ó bá pín àkókò náà lọ́gbọọgba ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ń tún ilẹ̀kùn gbẹ́, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Òun náà ń da omi síwájú.